Ọ̀nà Etí Òkun ti Acadia: Ibi Tí À Ń Dúró Wò àti Ọ̀nà Tí À Ń Fi Ẹsẹ̀ Rìn

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ohun kan tí ó máa ń ṣòro láti mú yé wọn ni bí òkè ṣe lè dé etí òkun gan-an. Etí òkun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jẹ́ iyanrìn pẹrẹsẹ, tí igi àgbọn wà lórí rẹ̀, tí ọ̀sà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá wí pé àpáta dúró ṣánṣán nínú òkun ní ilẹ̀ mìíràn, ọmọ a kàn máa wò ó lójú ni. Èyí ni ó mú mi ronú pé kò ní ṣàì wúlò fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá ṣàlàyé nípa ibì kan tí òkè àti òkun gbé pàdé, tí a sì la ọ̀nà ọkọ̀ kan láàárín wọn, tí ẹni tí ó bá ń gba ibẹ̀ kọjá lè máa dúró níhìn-ín àti lọ́hùn-ún láti wo iṣẹ́ ìyanu. Ìpínlẹ̀ Maine ni ibẹ̀ wà, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ sì ni Ọgbà Orílẹ̀-èdè Acadia.

Erékùṣù kan tí à ń pè ní Mount Desert ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ọgbà náà wà. Àwọn ẹ̀yà Wabanaki, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí òyìnbó tó dé, ń pè é ní Pemetic, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ òkè tí ó tò tẹ̀lé ara wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1604, Samuel de Champlain, ará Faransé, tukọ̀ kọjá níbẹ̀. Ó wòkè, ó sì rí i pé orí àwọn òkè náà pá bí orí arúgbó, igi kò sí lórí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ibẹ̀ ní Erékùṣù Àwọn Òkè Tí Ó Pá ní èdè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé aṣálẹ̀ ni ibẹ̀, ṣùgbọ́n igbó dúdú, adágún omi àti odò wẹ́wẹ́ ni ó kún erékùṣù náà.

Òkúta akọ ni àwọn òkè wọ̀nyí, irú èyí tí ẹni tí ó ti gun òkè Ìdànrè mọ̀ dáadáa, àfi pé àwọ̀ tiwọn ń fà sí pupa díẹ̀. Ohun tí ó gbẹ́ wọn dé bí wọ́n ṣe rí lónìí ni yìnyín. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí òtútù mú gbogbo ìhà àríwá ayé, yìnyín bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ìwọ̀n nínípọn rẹ̀ sì ju máìlì kan lọ. Yìnyín náà kò dúró lójú kan. Ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìhà àríwá sí ìhà gúúsù, ó ń ha orí òkè bí ẹni ń fi rándà fá pákó, ó sì ń wa àfonífojì jin sí i. Nígbà tí ó yọ́ tán, inú àwọn ihò tí ó gbẹ́ sílẹ̀ di adágún, òkun sì wọ inú àwọn àfonífojì tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Bí a bá fi èyí sọ́kàn, gbogbo ohun tí a ó rí lójú ọ̀nà náà yóò yé wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ náà ṣe di ti gbogbo ènìyàn, nítorí kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́kọ́ rò ó. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọlọ́rọ̀ láti Boston, New York àti Philadelphia ń kọ́ ààfin síbẹ̀ fún ìgbádùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì hàn gbangba pé láìpẹ́, etí òkun yóò di ilẹ̀ oníkálukú, tálákà kì yóò sì rí ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ lé. Charles W. Eliot, tí í ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard, ní ọmọkùnrin kan tí ó ti ń wàásù pé kí a dá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí fún gbogbo ayé. Ọmọ náà kú ní ọdún 1897. Ní ọdún 1901, bàbá pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ láti mú èrò ọmọ rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa gba ilẹ̀, tí yóò sì máa pa á mọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó wá fi gbogbo ara ṣe iṣẹ́ náà ni George B. Dorr, àpọ́n tí ó jogún owó púpọ̀. Nígbà tí àwọn kan gbìyànjú ní ọdún 1913 láti mú kí ìpínlẹ̀ Maine gba àṣẹ ẹgbẹ́ náà padà, Dorr rí i pé ilẹ̀ náà kò ní ààbò àfi bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ó lọ sí Washington, ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí Ààrẹ Woodrow Wilson fi tẹ́wọ́ gba ilẹ̀ náà ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ọdún 1916. Ní 1919 ni ó di ọgbà orílẹ̀-èdè, a sì pè é ní Lafayette. Ní 1929 ni a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Acadia. Dorr ti ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú ogún rẹ̀ sórí ọgbà náà kí ó tó kú ní 1944.

Ẹnìkejì tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni John D. Rockefeller Kékeré. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nípa ọkùnrin yìí ni pé epo rọ̀bì ni ó sọ bàbá rẹ̀ di ọlọ́rọ̀, epo náà sì ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń mu, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ìró ọkọ̀ ní erékùṣù náà. Láti ọdún 1913 títí di 1940, ó ń fi owó ara rẹ̀ la ọ̀nà tí a fi òkúta fífọ́ tẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Nǹkan bí máìlì 45 nínú wọn ni ó wà nínú ọgbà lónìí, pẹ̀lú àwọn afárá òkúta tí kò sí èyí tí ó jọ èkejì. Ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó lè gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé ọkọ̀ ti dé, kò sì ní padà, òun kan náà ni ó ṣe ìrànlọ́wọ́ láti la ọ̀nà ọkọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kí ó bàa lè jẹ́ pé a óò là á dáadáa.

Ọ̀nà náà jẹ́ máìlì 27, ó sì yí ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù náà ká bí òrùka. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì parí títí di ọdún 1958. Ní ẹ̀bá òkun, ọkọ̀ kò lè pàdé ara wọn, ìhà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kọjú sí, nítorí náà ẹni tí ó bá fi ojú fo ibì kan ní láti tún yí gbogbo òrùka náà ká kí ó tó padà débẹ̀. Àwọn afárá kan wà lókè ọ̀nà náà tí wọ́n rẹlẹ̀. Èyí tí ó rẹlẹ̀ jù kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íńṣì 4 lọ, ọkọ̀ gíga kò sì lè kọjá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá títí di àárín oṣù kẹrin, yìnyín a máa mú kí a ti èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pa. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò ní láti sọkún: láti ọdún 1999 ni àwọn bọ́ọ̀sì kan ti ń kó ènìyàn kiri ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibi ìdúró kìn-ín-ní tí ó tó sọ ni orísun omi Sieur de Monts, níbi tí Dorr fúnra rẹ̀ kọ́ ilé kékeré bo ìsun náà. Ọgbà ewéko kan wà níbẹ̀ tí a gbin irúgbìn ilẹ̀ náà sí, tí a sì kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan; ó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ni fara wé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà gba abẹ́ òkè Champlain kọjá. Ẹ wòkè níbẹ̀, ẹ ó rí ògiri àpáta tí ó dúró ṣánṣán. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan, tí à ń pè ní Precipice, gun ojú àpáta yìí lọ. Ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,000 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, a sì kan irin mọ́ ara òkúta gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀gùn fún ẹni tí ń gùn ún. Ẹni tí òyì máa ń kọ́, tàbí tí ó mú ọmọ kékeré lọ́wọ́, kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kì í gba ẹnikẹ́ni láàyè láti gùn ún láti oṣù kẹta títí di nǹkan bí àárín oṣù kẹjọ, nítorí àwọn àṣá kan tí ń yé sí ara àpáta náà. Ìtàn àwọn àṣá yìí tó gbọ́. Oògùn apakòkòrò tí à ń pè ní DDT, tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko, ń wọ ara kòkòrò, láti ara kòkòrò ó ń wọ ara ẹyẹ wẹ́wẹ́, láti ara ẹyẹ wẹ́wẹ́ ó ń wọ ara àṣá tí ń jẹ wọ́n. Èèpo ẹyin àṣá wá di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ìyá bá sàba lé e, a fọ́. Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1960 sí 1970, irú àṣá yìí ti tán pátápátá ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1984 títí di 1986 ni a kó ọmọ àṣá tí ènìyàn tọ́ wá sí Acadia, a sì tú wọn sílẹ̀. Ní 1991 ni wọ́n tún yé, tí wọ́n sì pa ọmọ lójú àpáta náà. Nítorí náà, bí a bá ti ọ̀nà pa nítorí ẹyẹ, ẹ má ṣe kà á sí àṣejù.

A ti dé etí òkun gan-an wàyí. Sand Beach nìkan ni ibi tí iyanrìn gbé tẹ́ ní ìhà yìí, ó wà láàárín òkè méjì, bí omi nínú àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ bá bu iyanrìn náà sí ọwọ́ tí ẹ sì wò ó fínnífínní, ẹ ó rí i pé èèpo ìgbín òkun àti ti àwọn ẹ̀dá òkun mìíràn tí ìgbì ti lọ̀ kúnná ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Omi ibẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní àárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ a máa kígbe. Láti ibi yìí ni a ti ń gun òkè Beehive, èyí tí ó rí bí ilé oyin lóòótọ́. Kò ga tó òkè Champlain, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 520 péré, ṣùgbọ́n irin ni a óò dì mú níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kì í gba ọ̀nà tí wọ́n fi gùn ún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn òkè ni wọ́n ń gbà, lẹ́bàá adágún kékeré kan, nítorí bí ẹni tí ń gòkè àti ẹni tí ń sọ̀ bá pàdé níbi tí àyè kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan lọ, ta ni yóò yà fún èkejì?

Fún ẹni tí kò fẹ́ gun òkè, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Òun ni Ocean Path, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Sand Beach, tí ó sì tẹ̀lé etí àpáta fún máìlì méjì àti díẹ̀ títí dé Otter Point. Ó tẹ́jú ní ọ̀pọ̀ ibi, òkun wà ní ọwọ́ òsì, igbó wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ènìyàn sì lè yà kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Àárín ọ̀nà yìí ni Thunder Hole wà, ihò tí ń sán bí àrá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣe é. Àpáta là níbẹ̀ ní tóóró, ihò kékeré kan sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Bí ìgbì bá wọlé, ó ń dí ẹnu ihò náà, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì rí ibi gbà. Omi tì í, ó há a mọ́, títí afẹ́fẹ́ náà fi tú jáde lójijì pẹ̀lú ariwo tí ń mi àpáta, omi yóò sì fò sókè, nígbà mìíràn títí dé 40 ẹsẹ̀ bàtà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo. Òkun a máa kún, a sì máa fà, lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́. Bí ó bá fà jù, omi kò dé inú ihò dáadáa, bí ó bá sì kún jù, ó ti bò ó mọ́lẹ̀. Wákàtí kan tàbí méjì kí òkun tó kún ni ó dára jù, nígbà tí ìgbì bá ń ru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa débẹ̀ ní ọjọ́ tí òkun pa rọ́rọ́, wọn kò ní gbọ́ ju kí omi máa dún gbùlọ̀gbùlọ̀ bí ẹni ń fi ọtí yọ ẹnu, wọn a sì bínú lọ.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sílẹ̀ sí mi, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ìjì ńlá kan tí a pè ní Bill gba ojú agbami kọjá. Kò fẹ́ wọ ilẹ̀ Maine rárá; òkèèrè ni ó wà. Ṣùgbọ́n ìgbì tí ìjì bá dá sílẹ̀ a máa rìn jìnnà ju ìjì fúnra rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn sì ti péjọ lọ́pọ̀lọpọ̀ sórí àpáta nítòsí Thunder Hole láti wo omi tí ń fò. Ìgbì ńlá kan dé, ó ga ju àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, ó sì gbá àwọn tí ó dúró. Ọ̀pọ̀ ni ó fara pa. Ó gbé ẹni mẹ́ta lọ sínú òkun, ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 7 sì kú nínú wọn. Ohun tí ó fa irú èyí ni pé ìgbì òkun kò dọ́gba. Ènìyàn lè dúró wò ó fún ìdajì wákàtí, kí ó sì rò pé òun ti mọ ibi tí ó ń dé, síbẹ̀ èyí tí yóò tẹ̀lé e lè ju gbogbo wọn lọ ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé àpáta tí ẹ dúró lé tutù, tí ó sì dúdú, ẹ mọ̀ pé òkun ti débẹ̀ lónìí. Ẹ padà sẹ́yìn títí ẹ ó fi bá àpáta gbígbẹ, kí ẹ sì tún fi díẹ̀ kún un.

Otter Cliff ni ó tẹ̀lé e, bèbè àpáta tí ó ga ní 110 ẹsẹ̀ bàtà láti ojú omi. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ rédíò àwọn ológun ojú omi wà láti ọdún 1917, tí a fi ń gba ìròyìn láti Yúróòpù nígbà ogun àgbáyé ìkíní. Ọ̀nà ọkọ̀ kò lè kọjá níwọ̀n ìgbà tí ilé náà bá wà níbẹ̀. Nítorí náà ni a fi kó o lọ sí ilẹ̀ Schoodic ní òdìkejì omi ní ọdún 1935. Lẹ́yìn Otter Cliff, ọ̀nà yí orí padà kúrò ní òkun, ó sì wọ inú igbó.

Jordan Pond ni ibi ìdúró tí ó kàn. Adágún tí yìnyín gbẹ́ ni, ó jìn tó 150 ẹsẹ̀ bàtà, omi rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí mímu ni a ń mu ún. Òkè roboto méjì tí à ń pè ní Bubbles dúró ní ìpẹ̀kun rẹ̀ bí ọmú. Máìlì mẹ́ta àti díẹ̀ ni ọ̀nà tí ó yí i ká, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ pákó tí a tẹ́ sórí ẹrẹ̀. Ilé oúnjẹ kan wà létí rẹ̀ tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì kan tí inú rẹ̀ ṣófo, tí a ń fi bọ́tà àti èso dídùn sí. Ilé àkọ́kọ́ jóná ní 1979, ṣùgbọ́n a kọ́ òmíràn. Ẹni tí ó bá gun Bubbles ti ìhà gúúsù yóò rí òkúta ńlá kan tí ó jókòó sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bí ẹni pé ó fẹ́ ṣubú. Ọ̀pọ̀ ni ó ti dá agbára wọn wò lára rẹ̀, kò mì. Òkúta náà kò jọ ti òkè tí ó wà lórí rẹ̀ rárá. Láti ọ̀nà jíjìn ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ni yìnyín ti gbé e wá, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ó yọ́.

Bí a bá ń bọ̀ láti ibi yìí, a ó rí i pé igi igbó yàtọ̀. Ní apá kan, igi aláwọ̀ dúdú tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ ni. Ní apá kejì, igi eléèpo funfun tí ń wọ́wé ni. Iná ni ó fà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1947, lẹ́yìn ọ̀dá tí ó pẹ́, iná sọ ní erékùṣù náà, ẹ̀fúùfù sì gbé e. Ó jó ju 17,000 éékà lọ, ju 10,000 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ ilẹ̀ ọgbà. Ó jó 67 nínú àwọn ààfin ọlọ́rọ̀, ó sì jó ilé 170 ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Igi tí ó hù lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí ewé rẹ̀ ń pọ́n bí wúrà ní oṣù kẹwàá, tí àwọn àlejò fi ń rọ́ wá wò ó. Mélòó nínú wọn ni ó mọ̀ pé eérú ni ẹwà náà ti hù jáde?

Òkè Cadillac ni ìpẹ̀kun gbogbo rẹ̀. Ó ga ní 1,530 ẹsẹ̀ bàtà, kò sì sí òkè tí ó ga jù ú lọ ní etí òkun Atlantic ti Amẹ́ríkà. Ọ̀nà ọkọ̀ dé orí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sí 1940, ṣùgbọ́n ọkọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti ọdún 2021, ẹni tí ó bá fẹ́ wa ọkọ̀ gùn ún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ san owó kí ó sì gba àyè ṣáájú. Ẹlẹ́sẹ̀ kò ní láti gba àyè kankan. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó gba ìhà gúúsù jẹ́ máìlì mẹ́ta àti ààbọ̀, orí àpáta gbalasa ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, a kò sì lè rí ipa ẹsẹ̀ lórí òkúta. Àwọn òkúta tí a tò ni ó ń tọ́ ènìyàn sọ́nà: méjì ní ìsàlẹ̀ bí òpó, ọ̀kan pẹlẹbẹ lórí wọn bí àtẹ́rígbà, ọ̀kan kékeré lórí èyí tí ń nawọ́ sí ọ̀nà. Waldron Bates, tí ó ń ṣe àbójútó ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ erékùṣù náà títí ó fi kú ní 1909, ni ó dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àlejò kan a máa to òkúta tiwọn fún eré, tàbí kí wọ́n wó èyí tí wọ́n bá. Bí kùrukùru bá ti òkun wá bo òkè, bí ó ti máa ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òkúta eré yẹn lè mú ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ sí etí bèbè.

A máa ń sọ pé orí Cadillac ni oòrùn ti kọ́kọ́ ń yọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe jákèjádò ọdún: láti ọjọ́ keje oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ni, nígbà tí òtútù mú, tí a sì ti ti ọ̀nà ọkọ̀ pa ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn oṣù náà. Ẹni tí ó bá jí ní òru oṣù keje, tí ó fi aṣọ ìbora wé ara, tí ó sì jókòó gbọ̀nrìngbọ̀nrìn lórí òkè láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, kí ó mọ̀ pé àwọn ará òkè Mars Hill, ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ kan náà, ti rí oòrùn ṣáájú rẹ̀.